Ọwọ́-ò-gbọ̀n àti Ogún Ìbéèrè

Ẹ bá mi wo ọkùnrin yìí. Ọdún méjìlélógún ló fi wa kíréènì nínú ọgbà tí wọ́n ń kó páìpù irin sí, débi pé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ò pe orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ mọ́. Ọwọ́-ò-gbọ̀n ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ní ó lè gbé páìpù lé orí ẹyin kí ẹyin náà má fọ́. Àsọdùn ni o, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ máa ń dùn tó bá ti gbọ́ ọ. Òun náà ló wá jókòó sí gbọ̀ngàn ilé ìwòsàn láago mẹ́wàá àárọ̀ yìí, tó ki ọwọ́ méjèèjì bọ àpò ṣòkòtò, kí ìyàwó rẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ má baà rí bí wọ́n ṣe ń gbọ̀n.

Ojú ń tì í. Ká má fọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀, ojú ń tì í gan-an. Ó ti lé lọ́dún kan tí wáyà kíréènì rẹ̀ já, tí páìpù mẹ́ta sì wó lu ẹni tó ń fọwọ́ júwe fún un nísàlẹ̀. Ẹni náà kì í ṣe ẹlòmíì, àbúrò ìyàwó rẹ̀ ni, Ọwọ́-ò-gbọ̀n fúnra rẹ̀ ló sì bá a wá iṣẹ́ ọ̀hún. Wọ́n gé ẹsẹ̀ ọ̀tún àbúrò náà ní orúnkún. Láti ọjọ́ náà ni oorun gidi ti dágbére fún Ọwọ́-ò-gbọ̀n. Bí nǹkan bá dún gbì, bó ṣe ìdérí ìkòkò ló bọ́, ọkàn rẹ̀ á já, òógùn á bò ó. Bí wọ́n bá dárúkọ kíréènì, èébì á máa gbé e. Wọ́n gbé e lọ sẹ́nu géètì níbi iṣẹ́ kó máa kọ nọ́ńbà ọkọ̀ tó ń wọlé. Ọ̀gá wọn mú sùúrù fún un títí, àfi lọ́sẹ̀ tó kọjá tó pè é.

"Bọ̀dá," ó ní, "ẹ mú ìwé dókítà wá, tó sọ ohun tó ń ṣe yín ní pàtó, ká mọ bá a ṣe máa tọ́jú yín. Bí ò bá sí ìwé, ẹ padà sórí kíréènì lọ́jọ́ Ajé."

Ẹ ò ní gbà gbọ́ tí mo bá sọ ẹni tó tì í dé ilé ìwòsàn. Àbúrò ìyàwó rẹ̀ tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀ náà ni! Aláwàdà paraku ni ọmọkùnrin yẹn. "Àlejò" ló ń pe ẹsẹ̀ àtọwọ́dá tí wọ́n ṣe fún un.

"Ẹ̀gbọ́n," ó sọ fún un, "èmi tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀ ń sùn, mo tún ń hanrun. Ẹ̀yin tí ẹsẹ̀ yín pé ò sùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ rí dókítà, ẹ ti ń bà mí lẹ́rù."

Ọwọ́-ò-gbọ̀n ò ríbi fojú sí. Ó wù ú kí ilẹ̀ lanu kó gbé òun mì.

Nọ́ọ̀sì kan tójú rẹ̀ le mú ìwé àti bírò wá bá a. Ogún ìbéèrè ló wà níbẹ̀. Ṣé ẹ máa ń lálàá nípa ìjàǹbá náà? Ṣé ẹ máa ń sá fún ohun tó lè rán yín létí ẹ̀? Ṣé ẹ máa ń dá ara yín lẹ́bi? Lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n kọ rárá, díẹ̀, gan-an, púpọ̀ jù, kí èèyàn máàkì èyí tó bá a mu. Ọwọ́-ò-gbọ̀n gba bírò. Rárá, rárá, rárá. Wàrà-wàrà ló máàkì ẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó bọwọ́ lù ú, ó dá a padà.

Nọ́ọ̀sì wo ìwé, ó wò ó, ó tún wo ìwé. "Bàbá, ogún ìbéèrè láàárín ìṣẹ́jú kan?"

"Mo ti ṣe é tán."

"Gbogbo ẹ̀ ni rárá! Ara yín mà le ju tèmi lọ. Kí lẹ wá ṣe níbí nígbà náà, ṣé ẹ wá kí wa ni?"

Àwọn tó jókòó nítòsí bú sẹ́rìn-ín. Ìyàwó rẹ̀ ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀.

Kì í ṣe ẹ̀rín wọn ló mú ara ọkùnrin náà tutù o. Bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe sáré wálẹ̀ lórí ìwé yẹn ni. Ó mọ eré yẹn dáadáa. Láràárọ̀ kí kíréènì tó ṣiṣẹ́, wọ́n máa ń fún awakọ̀ ní ìwé: bíréèkì, ìkọ́, ọ́ìlì, wáyà. Òfin sọ pé kó sọ̀ kalẹ̀, kó fi ojú àti ọwọ́ yẹ wáyà náà wò látòkè délẹ̀. Àwọn tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ò rí ti ìyẹn rò. Orí àga lókè ni wọ́n ti ń máàkì tiwọn, tíì lọ́wọ́ kan, bírò lọ́wọ́ kejì: ó dára, ó dára, ó dára. Wọ́n á tún máa fi ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀ pé ọmọ àná ni. Òun náà ṣe é láàárọ̀ ọjọ́ ìjàǹbá náà. Ó máàkì pé wáyà dára, kò sì wo wáyà. Àwọn tó wá ṣèwádìí ní wáyà ti gbó, pé ilé iṣẹ́ ló jẹ̀bi, wọ́n sì bá a kẹ́dùn. Ó jẹ́ kí wọ́n bá òun kẹ́dùn.

Ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn nìyẹn. Ìyàwó rẹ̀ ò mọ̀. Aláwàdà tó ń pe ẹsẹ̀ ní àlejò ò mọ̀. Bí dókítà bá wá kọ ọ́ sílẹ̀ pé aláìsàn ni, gbogbo ẹbí á máa kí i pẹ̀lẹ́, òun á sì máa dáhùn pé ẹ ṣeun. Lójú tiẹ̀, ẹni tí nǹkan ṣe ló yẹ kó gba irú ìwé bẹ́ẹ̀. Òun kọ́ ni nǹkan ṣe, òun ló ṣe nǹkan.

Ó dìde. "Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé. Kò sóhun tó ń ṣe mí."

"Ẹ jókòó," ìyàwó rẹ̀ sọ. Kò tíì jókòó tán tí wọ́n fi pè wọ́n wọlé.

Dókítà náà ò ju àkọ́bí wọn lọ lọ́jọ́ orí, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó wọ jígí. Ó tẹ́ ìwé ọ̀hún síwájú.

"Bàbá, mi ò lè fipá mú yín," ó ní. "Ìpayà tó máa ń ṣẹ́kù síni lára lẹ́yìn ìjàǹbá wà, àìsàn tó lórúkọ ni, ó sì ní ìtọ́jú. Tí mo bá rí i pé òun ló ń ṣe yín, màá kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò lè fi ogún rárá kọ ọ́. Tí ẹ bá fẹ́ ká wádìí ẹ̀, ẹ sọ bí ọjọ́ náà ṣe lọ fún mi, láti àárọ̀."

"Láti àárọ̀ kẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Àìmọye ìgbà ló ti sọ ìtàn náà. Ìgbà tí wáyà já ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò bi í nípa àárọ̀ ọjọ́ náà rí. Ó wojú ìyàwó rẹ̀. Ìyẹn mi orí sí i pé kó máa sọ ọ́, kó má bẹ̀rù. Orí tó mì yẹn ló dá a lóró jù.

"Mi ò wo wáyà yẹn," ó sọ. "Mo máàkì ẹ̀ pé ó dára. Mo jókòó sókè, mò ń mu tíì. Mi ò sọ̀ kalẹ̀."

"Kí lẹ sọ?" ìyàwó rẹ̀ bi í.

Ó tún un sọ. Obìnrin náà wò ó sùn-ùn, ó gbé báàgì rẹ̀, ó jáde. Ó rọra pa ilẹ̀kùn dé jẹ́ẹ́. Ì bá sàn fún un ká ní ó gbá ilẹ̀kùn náà dé gbàmù.

Dókítà gbé bírò sílẹ̀. "Ṣé ká dá a dúró síbí?"

Ọwọ́-ò-gbọ̀n ń sunkún, àgbàlagbà ọkùnrin, ikun imú àti omijé. Ojú ń tì í fún ẹkún náà, ojú ń tì í fún wáyà, ojú ń tì í pé ọmọdé ló ń wo òun. Ṣùgbọ́n nígbà tó lanu, ohun tó jáde ni pé, "Ẹ fún mi ní ìwé míì."

Ó ka ìbéèrè kìíní: ṣé ẹ máa ń lálàá nípa ìjàǹbá náà? Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n rìrì lójú gbogbo ayé. Ó gbé bírò lọ sórí "díẹ̀".

"Irọ́ ni."

Ìyàwó rẹ̀ ti wọlé. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó wọ́ àga rẹ̀ jìnnà sí tọkọ rẹ̀ kó tó jókòó.

"Wàá fi ẹnu ara ẹ sọ ọ́ fún àbúrò mi lónìí," ó ní. "Mi ò tíì foríjì ẹ́, mi ò sì mọ̀ bóyá màá foríjì ẹ́. Ṣùgbọ́n o ò ní purọ́ sórí ìwé lẹ́ẹ̀kejì lójú tèmi. Lóròòru lo ń pariwo orúkọ ẹ̀ lójú oorun. Máàkì ẹ̀ bó ṣe jẹ́."

Ó máàkì "púpọ̀ jù", ó sì bọ́ sórí ìkejì.