Ẹ̀rọ Àkókò Rachidi

"Ẹ̀rọ tí mo ṣe yìí ń ka iye àkókò tí mànàmáná fi ń ronú kó tó kọ," ni Rachidi, ẹni tó ń tún rédíò ṣe ní Bantè, ń fọ́nnu. Wáyà inú rẹ̀ ló ń sọ àkókò di nọ́ńbà.

Ọyẹ́ bo oòrùn lọ́jọ́ náà. Sétou, tó jẹ́jẹ̀ẹ́ ààwẹ̀ nítorí ọmọ rẹ̀ tó ń ṣàìsàn, bi í bóyá oòrùn ti wọ̀.

"Nọ́ńbà ẹ̀rọ mi ti pé, ìyá mi. Ẹ ṣínu."

Sétou mu omi. Kò pẹ́ tí ọyẹ́ fi ká, oòrùn sì yọ, ó ṣì ga ju igi kajú lọ.

"Ẹ̀rọ rẹ yára ju oòrùn Ọlọ́run lọ," ni Sétou wí, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. "Sọ fún un kó dá ẹ̀jẹ́ ọmọ mi padà."

Rachidi fi ẹ̀rọ sílẹ̀, ó sá gba ọ̀nà Pira lọ.