Màlúù Ẹ̀dínwó

Itọ́ funfun ń jò láti ẹnu màlúù pupa náà bọ́ sínú omi. Ọláìtán fi ọwọ́ fa ètè rẹ̀ wálẹ̀: ahọ́n ti bó. Màlúù náà já orí gbà, ó tiro lọ.

Èyí kọ́ ló rà lọ́sẹ̀ tó kọjá. Pupa àti dúdú ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Èèpo ẹ̀gẹ́ gbígbẹ àti eèrí ọkà ló fi ń bọ́ wọn, kò fi nǹkan kan ṣòfò. Ojú Ọláìtán ti ń di bàìbàì. Kò ní pẹ́ tí kò fi ní lè wa bọ́ọ̀sì èrò lọ sí Kwali mọ́. Àwọn ẹran yìí ni yóò máa bọ́ ilé. Ìdí nìyẹn tó fi ra màlúù funfun kan ní ẹ̀dínwó, àṣẹ́kù ọjà Iléyá tí ẹni tó ni ín ń kánjú tà.

Mukhtar, Fúlàní aládùúgbò rẹ̀ tí wọ́n bí sí Ṣakí, ti kìlọ̀ pé kó so èyí tuntun sí ọ̀tọ̀ títí oṣù yóò fi lé. Ṣùgbọ́n ọgbà kejì yóò gba páànù. Ọláìtán kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀.

Ìbídùnní ìyàwó rẹ̀ yọjú sí ọgbà. "Bàbá Tèmi, pupa náà ti ń ṣe bíi funfun."

"Òògùn ló máa lò."

"Ẹ̀yin lẹ ní ìrìn ọjà ló mú funfun tiro."

Ọláìtán pe Mukhtar lórí fóònù.

Tẹ́lẹ̀, tààrà ni Mukhtar máa ń wọlé, táá máa pariwo pé, "Ọ̀gá dírẹ́bà, màlúù yín ò tíì gba láísẹ́ǹsì?" Lónìí, ẹ̀gbẹ́ títì ló dúró sí.

"Wọlé, ọ̀rẹ́ mi."

"Kai, rárá. Ṣé àárín pátákò ẹ̀ ti bẹ́?"

"Ó ti bẹ́."

Mukhtar fà sẹ́yìn. "Àrùn tó ń ràn nìyẹn, itọ́ wọn ló ń gbé e. Lọ́jọ́ tí ẹ mú funfun bọ̀, níbo lẹ ti fún un lómi?"

Ẹsẹ̀ ni Ọláìtán àti funfun fi rìn lọ́jọ́ náà, kó má baà san owó ọkọ̀. Oòrùn mú, ó sì jẹ́ kí funfun yà mu omi.

Ó wo ọ̀nà odò. Nísàlẹ̀ níbẹ̀, agbo màlúù Mukhtar tò sétí omi, gbogbo wọn dorí kodò. Mukhtar náà yíjú síbẹ̀. Kò sáré.

Àràárọ̀ ni wọ́n ń mu omi níbẹ̀.