Ẹyẹ Inú Páálí

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin láàánú púpọ̀. Bí ẹ bá bi ẹnikẹ́ni nínú ẹbí wa, ohun tí yóò kọ́kọ́ sọ nípa rẹ̀ nìyẹn, àfi bí ẹni pé àánú ni iṣẹ́ tó kọ́. Àánú náà pọ̀ débi pé láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti dá Màmá wa dùbúlẹ̀, kò lè wọ yàrá wọn kọjá ẹnu ọ̀nà. Á dúró níbẹ̀, á di ilẹ̀kùn mú, á ní, "Màmá, ẹ pẹ̀lẹ́ o," ojú rẹ̀ á pọ́n, á sì padà sí pálọ̀. Wọ́n ní ìyá ni wúrà. Tiwa ti di wúrà tí òun ò lè fọwọ́ kàn.

"Ara mi ò gbà á," ló máa ń sọ fún mi. "Mi ò ní irú ọkàn tìẹ, Télọ̀."

Ẹ má bínú pé "ó" ni mò ń pè é. Òun ni àkọ́bí, bí mo bá sì wà níwájú rẹ̀, "ẹ" ni mo máa ń sọ fún un. Ọ̀wọ̀ ìyẹn náà ti tó.

Télọ̀ ni mí lóòótọ́, tàbí kí n sọ pé télọ̀ ni mí tẹ́lẹ̀, kí n tó di ẹni tí ń yí èèyàn padà lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀gbẹ́ òsì Màmá kò ṣiṣẹ́ mọ́. Bí a kò bá ń yí wọn láti apá kan sí èkejì lóòrèkóòrè, awọ ara wọn á bó, á di egbò. Wọn kò lè mu omi nínú ife. Sírínjì tí kò ní abẹ́rẹ́ ni mo fi ń kán an sí wọn lẹ́nu díẹ̀díẹ̀, kó má baà pá wọn lórí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ń bẹ lẹ́nu wọn. Ó máa ń fà díẹ̀ ni, àmọ́ ohùn wọn ń dé ìta dáadáa.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ló pè mí lọ́jọ́ kan. Ẹni tí ń gé aṣọ fún un ti kó lọ sí ìlú mìíràn, èmi ló sì fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀. Nínú gbogbo iṣẹ́ ìránṣọ, gígé ni mo fẹ́ràn jù. Ohun tí a bá rán tí kò dáa, a lè tú u. Ohun tí sísọ́ọ̀sì bá bà jẹ́, ó bàjẹ́ náà nìyẹn. Ó ní kí n wá lọ́jọ́ Ajé kí òun fi wò mí. Bó bá dáa, kí n máa bá iṣẹ́ lọ láti ọjọ́ kejì. Bí mi ò bá lè máa wá, òun á mú ẹlòmíràn.

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi. Rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ló ń tún ṣe, inú ilé ara rẹ̀ ló ti ń ṣe é, kò sí ọ̀gá lórí rẹ̀, kò sì sí ìyàwó tí yóò bi í léèrè ibi tó ń lọ. Mo bẹ̀ ẹ́ kó wá máa gbé ọ̀dọ̀ wa, kó máa wo Màmá títí n ó fi máa dé, tàbí kó mú wọn lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ní ilé òun ò gba èèyàn méjì. Ó ní òun á kọ́kọ́ wá wò ó ná.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ló dé. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ó lọ sínú ọgbà ẹ̀yìn ilé, ibi tí fèrèsé Màmá kọjú sí, ó sì rí àdàbà kan lábẹ́ igi ọsàn. Ó jọ pé ológbò aládùúgbò ló ṣe é léṣe. Apá rẹ̀ kan ń wọ́ nílẹ̀, àyà rẹ̀ kún fún ẹ̀jẹ̀. Mo rò pé á ké sí mi kí n wá gbé e sọ nù, ṣebí ara rẹ̀ kì í gba nǹkan. Ohun tí mo gbọ́ ni, "Télọ̀, bá mi wá páálí bàtà."

Mo gbé e wá. Ó tún ní kí n mú aṣọ tó mọ́ wá, lẹ́yìn náà òwú, lẹ́yìn náà sírínjì Màmá.

"Ṣé ẹ fẹ́ tọ́jú ẹ̀ ni?" mo bi í.

"Ta ni ò ní tọ́jú ẹ̀? Ìwọ wo bó ṣe ń wò mí."

Mo dúró, mò ń wò ó. Ọwọ́ rẹ̀ tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún so àwọn wáyà tín-tìn-tín pọ̀ kò gbọ̀n rárá. Ó nu ẹ̀jẹ̀ náà kúrò. Ó ká apá ẹyẹ náà mọ́ ara rẹ̀, ó fi aṣọ dì í, kò le jù, kò dẹ̀ jù. Ó kán omi sí i lẹ́nu, ó dúró kó gbé e mì kó tó kán òmíràn. Ẹyẹ ṣu sí i lọ́wọ́, ó fi ewé nù ún, ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi yìí kan náà ni, tí mo bá ń kó aṣọ ìdọ̀tí Màmá kọjá, tí í kọjú sí ògiri.

Inú mi dùn, mi ò ní purọ́. Mo ní, ó mọ̀ ọ́n ṣe, àṣé ó mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹni tó lè kán omi sí ẹyẹ lẹ́nu, ṣé ìyá tó bí i ni kò ní lè kán an fún? Lójú ẹsẹ̀ ni mo pe ọ̀gá mi pé kó máa retí mi.

Màmá náà ti rí gbogbo rẹ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì. "Jẹ́ kó fi ẹyẹ kọ́wọ́ ná," ni wọ́n wí. "Bó bá ti mọ̀ ọ́n tán, á kàn mí." Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé mo fi ohun gbogbo hàn án: bí yóò ṣe yí wọn, ìgbà tí yóò yí wọn, omi tó wà nínú ife, aṣọ tí yóò fi pààrọ̀ èyí tí mo tẹ́ sábẹ́ wọn. Ó wọ yàrá náà dé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì. "Mo ti gbọ́," ló ń wí. "Máa lọ, kí ọ̀gá ẹ má dúró dè ẹ́."

Ọ̀gá mi tẹ́ aṣọ sórí tábìlì gígùn, ó fún mi ní ṣọ́ọ̀kì àti sísọ́ọ̀sì ńlá. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀rù ń bà mí. Nígbà tí irin wọ inú aṣọ, tó ń lọ geere lórí ìlà tí mo fà, mo gbàgbé pé mo ní ilé. Ọ̀gá mi gbé ọrùn aṣọ kan sókè, ó yí i síwá sẹ́yìn. "Ọwọ́ ẹ ò tíì gbàgbé," ló wí. Mo dorí kodò kó má baà rí ojú mi.

Ọ̀sán ni mo padà sílé. Ó jókòó sínú ọgbà, ó gbé páálí lé itan, ó kẹ̀yìn sí fèrèsé Màmá. Bó ṣe rí mi, ojú rẹ̀ tú ká. "Ó ti ń jẹun," ló ní.

Mo wọlé. Màmá wà gẹ́lẹ́ bí mo ṣe fi wọ́n sílẹ̀, lórí ẹ̀gbẹ́ kan náà, ojú wọn sí fèrèsé. Aṣọ tó wà lábẹ́ wọn ti tutù rinrin. Ètè wọn ti gbẹ, ó ti sán. Omi inú ife kò dín, sírínjì ò sì sí níbẹ̀. Ọgbà ló wà. Mo yí wọn, mo sì rí i pé awọ ìbàdí wọn ti pọ́n, ojú ibì kan ti bó.

"Màmá, ẹ ò pè é ni?" Fèrèsé ṣí sílẹ̀. Àga tó jókòó lé kò jìnnà sí wọn ju bí tábìlì ọ̀gá mi ṣe gùn lọ. Wọ́n lè ka irun ẹ̀yìn orí rẹ̀.

Wọ́n ní kí n fún àwọn lómi.

Mo jáde lọ bá a.

"Wọn ò pariwo kankan," ló ní. "Mo rò pé wọ́n ń sùn ni."

"Ṣé ẹ wọlé lọ wò wọ́n?"

"Eléyìí ni mi ò lè fi sílẹ̀. Ológbò yẹn ń yí kiri. Ìwọ náà rí i pé kò lè gba ara ẹ̀ sílẹ̀."

Gbogbo èébú tí mo mọ̀ láyé yìí ló tò sí mi lẹ́nu. Ohun tó jáde ni, "Ẹ bá mi mú sírínjì yẹn."

Ọjọ́ kejì ló lọ. Ó gbé páálí sí àga iwájú ọkọ̀ rẹ̀, ó fi bẹ́líìtì dè é kó má baà ṣubú. Ó ní ẹyẹ náà nílò ẹni tí yóò máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, inú ilé òun ló sì máa gbé títí apá rẹ̀ yóò fi san. Ilé tí kò gba èèyàn méjì gba àdàbà. Kó tó lọ, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó di ilẹ̀kùn mú. "Màmá, ẹ pẹ̀lẹ́ o." Ojú rẹ̀ pọ́n.

Mo pe ọ̀gá mi pé mi ò ní lè wá mọ́. Kò bá mi jà. Ó ní ó dun òun. Ó dun èmi náà, ó dùn mí débi pé mo kó sísọ́ọ̀sì mi sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì kí ojú mi má máa rí i. Àbúrò Màmá tiẹ̀ pè wá láti yin ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn. "Ẹyẹ lásán-làsàn ló ṣe báyìí fún," ni wọ́n ń wí, "ẹ wá wo ohun tó máa ṣe fún èèyàn." Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà." Ẹní bímọ ọ̀ràn ní í pọ̀n ọ́n, ni wọ́n máa ń wí. Wọn ò sọ ẹni tí yóò pọn ìyá náà.

Ìgbà tó yá, ó pè lórí fóònù. Ẹyẹ ti fò lọ. Ó ń sunkún. Ó ní bó ṣe gbéra lórí fèrèsé, kò tiẹ̀ wẹ̀yìn. Mo gbé fóònù sí Màmá létí, wọ́n tẹ́tí sí i títí ó fi sọ̀rọ̀ tán. "O ṣeun, ọmọ mi," ni wọ́n sọ fún un. "O tọ́jú ẹ̀ dáadáa."

Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí n yí àwọn padà. Egbò ìbàdí yẹn ò tíì jinná, ẹ̀sọ̀ pẹ̀lẹ́ ni mo fi ń ṣe é. Mo fẹ́ kọ ojú wọn sí fèrèsé bí wọ́n ṣe máa ń fẹ́.

"Ògiri," ni wọ́n wí.

Mo kọ ojú wọn sí ògiri. Mo ń tún ìrọ̀rí wọn ṣe nígbà tí wọ́n tún sọ̀rọ̀.

"O bi mí nígbà yẹn pé kí ló dé tí mi ò pè é."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Bí mo bá pè é tí kò wá ńkọ́?"

Mo fa aṣọ bò wọ́n léjìká.