Ará Lyon tó fẹ́ di ọmọ Porz-Gwenn

Ẹni tó bá fẹ́ dá àlejò mọ̀ ní etíkun wa, kó má wulẹ̀ wo ojú rẹ̀, bàtà rẹ̀ ni kó wò. Bàtà òjò tí Ọ̀gbẹ́ni Bertrand Chauvet wọ̀ wá sí ìsọ̀ ẹja mi lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ń dán bíi pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ọ́ nínú páálí. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì onílà búlúù àti funfun, ó sì dé fìlà ọ̀gá atukọ̀ lé e. Lyon ló ti wá, níbi tí kò sí òkun kankan. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń ta ẹja ní èbúté Porz-Gwenn, n kò sì tíì rí apẹja kan tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì onílà rí. Ṣẹ́ẹ̀tì tiwa ti ṣá débi pé a kò rántí àwọ̀ tí ó ní nígbà tí a rà á.

Ó na ìka sí ẹja, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, màdáámù. Ṣé tútù ni?"

"Rárá o, ọ̀gbẹ́ni. Ọdún tó kọjá ló ti kú. Ẹ̀yin la ń tọ́jú rẹ̀ dè."

Àwọn tó tò sẹ́yìn rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Etí rẹ̀ pọ́n fòò, ṣùgbọ́n kò lọ. Ìyẹn ni mo kọ́kọ́ fẹ́ràn lára rẹ̀.

Nígbà tí ìsọ̀ dá, ó padà wá, ó wá tú ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ fún mi. Ilé Ìyá Naïg Kerdoncuff ló wù ú, èyí tó fara ti ilé tèmi, ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín wa. Ìyá ti di ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún, orúnkún rẹ̀ kò gba àtẹ̀gùn mọ́, ọmọ rẹ̀ obìnrin sì fẹ́ mú un lọ sí Brest. Ṣùgbọ́n Ìyá ti sọ ọ́ létí gbogbo èbúté pé òun kò ní ta ilé fún àlejò oṣù kẹjọ, àwọn tó ń wá lo ìsinmi nìkan. Ilé mọ́kànlá ló wà ní àdúgbò wa. Tó bá di oṣù kẹwàá, mẹ́jọ nínú wọn á ti fèrèsé pa, wọn kì í sì í ṣí i títí di oṣù keje. "Mi ò kọ́lé kí wọ́n wá tì í pa," bí Ìyá ṣe máa ń wí nìyẹn.

Tíṣà ni Bertrand tẹ́lẹ̀, ó ti fẹ̀yìn tì, ìyàwó rẹ̀ sì ti kú láti ọdún méjì. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, màdáámù Armelle, ẹ kọ́ mi. Kí n dà bí ọmọ ìbílẹ̀ kí n tó lọ bá a."

Ó yẹ kí n sọ fún un pé kó lọ sọ òótọ́ fún obìnrin yẹn. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́, ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi.

Bàtà ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo kó o sínú omi ẹja fún ọjọ́ mẹ́ta. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà, àfi kí ẹnì kan yá a ní àkísà, nítorí náà mo fún un ní ògbólógbòó súwẹ́tà ọkọ mi tí ìgúnpá rẹ̀ ti lu. Fìlà atukọ̀ yẹn, mo gbé e sórí ológbò mi.

Lọ́jọ́ kejì, ó lọ bèèrè bọ́tà tí kò níyọ̀ lọ́wọ́ obìnrin oníbúrẹ́dì, bẹ́ẹ̀ bọ́tà oníyọ̀ nìkan la ń jẹ níbí. Obìnrin náà gbọ́wọ́ lérí. Ó bi í pé ṣé àìsàn ló ń ṣe é ni, ta ni dókítà rẹ̀? Èmi ni mo sáré lọ tọrọ àforíjì. Bí wọ́n bá sì ń kíra, ẹnu á kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré níbí, ó parí. Bertrand á ṣe ti Lyon, á tún na ọrùn fún èkejì, ẹni tó ń kí á sì ti kọjá lọ, òun nìkan á dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ẹnu ṣùùtì.

"Ẹ pa ẹnu yẹn dé," mo ní, "ẹyẹ òkun á wọ̀ ọ́."

Nígbà tí òjò dé, ó sá síbi ìsọ̀ mi. "Òjò yìí mà pọ̀ o!"

"Òjò wo? Kò sí òjò níbí."

Omi ń kán ní imú rẹ̀. "Kí wá lèyí, màdáámù?"

"Ojú ọjọ́ kàn tutù díẹ̀ ni. Ẹ pa agbòjò yẹn dé, ẹ ń dójú tì mí."

Ó tún fẹ́ lọ lúwẹ̀ẹ́. Mo bi í pé, "Nígbà tí ẹ ń ṣe tíṣà, ṣé inú kíláàsì lẹ ti máa ń lúwẹ̀ẹ́? Ibi iṣẹ́ wa lòkun." Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ létí. Nígbà tó fi máa di àárín oṣù kẹsàn-án, ó ti ń kọ́wọ́ sẹ́yìn rìn ní etí èbúté, ó ń mu kọfí lórí ìdúró, ó sì ń kùn pé, "Àwọn ará Paris yìí, wọn ò mọ bí a ṣe ń páàkì ọkọ̀." Mo ń wò ó, inú mi ń dùn bí adìyẹ tó pamọ.

Ìgbà náà ni Ìyá Naïg ránṣẹ́. Ó ní kí ọkùnrin tó fẹ́ rí òun wá bá òun lọ́jọ́ tí òkun máa fà sẹ́yìn jù lọ́dún, kó wá bá ará ìlú wá akàn, òun á jókòó sórí àga òun ní etí omi, òun á máa wò ó.

Gbogbo wa sọ̀ kalẹ̀ lọ́jọ́ náà. Òkun ti fà jìnnà, àpáta àti ewé òkun ló kù. Bertrand tẹ̀ síwájú pẹ̀lú bàtà rẹ̀ tó ń rùn bó ṣe yẹ, ó ń gbé òkúta kan sókè, ó ń mú akàn, ó ń lọ sí òmíràn. Akàn tèmi ni mo tẹjú mọ́. Àfi bí mo ṣe gbọ́ tí ọ̀pá Ìyá ń lu àpótí ẹja gbọ̀ngbọ̀n.

"Armelle! Ìwọ Armelle! Wá wo iṣẹ́ ọmọ rẹ!"

Mo gbójú sókè. Lẹ́yìn Bertrand, òkúta bí ogún ló wà ní ìdojúdé, ikùn wọn kọjú sí oòrùn. Àwa níbí, bí a bá gbé òkúta, à á dá a padà bí a ṣe bá a, torí ohun tó ń gbé lábẹ́ rẹ̀ á kú bí oòrùn bá pa á. N kò kọ́ ọ nìyẹn. Ta ló ń kọ́ àgbàlagbà pé kó tilẹ̀kùn bó bá jáde? Mo kọ́ ọ ní bàtà àti bọ́tà, mo gbàgbé èyí tó jẹ́ ọ̀rọ̀ gan-an. Àlejò lójú, kò fi ríran, ṣùgbọ́n èmi onílé ńkọ́?

Mo sáré lọ sọ fún un. Kò jiyàn. Ó wẹ̀yìn, ó rí ohun tó ti ṣe. Òkun ti bẹ̀rẹ̀ sí í padà bọ̀. Ó gbé garawa rẹ̀ kalẹ̀, ó padà sọ́nà tó gbà wá, ó ń dá òkúta padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Omi dé ọrùn ẹsẹ̀, ó dé orúnkún. Garawa rẹ̀ léfòó lọ pẹ̀lú gbogbo akàn rẹ̀.

Mo kígbe pé, "Ẹ padà! Ṣé torí òkúta lẹ ṣe fẹ́ kú ni?"

"Ó ku mẹ́rin!" ló fi dá mi lóhùn.

Nígbà tó gòkè, ó ti rin gbingbin títí dé ìbàdí, ìka rẹ̀ sì ń ṣẹ̀jẹ̀. Ó dúró níwájú Ìyá.

"Ẹ má bínú, Ìyá. Ará Lyon ni mí."

"Mo ti mọ̀ látọjọ́ tóo ti dé," ni Ìyá wí. "Àlejò nìkan ló ń bú àwọn ará Paris tó báyẹn. Àwa, à ń ta ẹja fún wọn. Oṣù kìíní ńkọ́, ṣé wàá lè gbé e níbí?"

Bertrand wojú mi. Mo ti kọ́ ọ ní ìdáhùn rẹ̀: kó ní oṣù kìíní ló dùn jù, torí ìlú á dákẹ́. Ó kọjú sí Ìyá padà.

"Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí, Ìyá. Ìjì, òkùnkùn, èmi nìkan. Mi ò mọ̀ bóyá mo máa lè ṣe é. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ dúró."

Mo bojú. Mo ní ó tán, ó ti ba ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ jẹ́.

Ìyá rẹ́rìn-ín. "Ta ni ẹ̀rù rẹ̀ ò bà? Ẹni tó bá ní òun ò bẹ̀rù oṣù kìíní, kò tíì lò ó níbí rí ni. Bi Armelle. Láti ọdún mọ́kànlá tí ọkọ ẹ̀ ti kú, gbogbo oṣù kìíní ni rédíò ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ mọ́jú."

Gbogbo èbúté ló gbọ́ ọ. Èmi tí mò ń kọ́ ènìyàn bí a ṣe ń jẹ́ ọmọ ìbílẹ̀! Ojú tì mí, inú sì bí mi.

"Ìyá, ṣé ìyẹn ló kàn báyìí?"

Bertrand ni Ìyá kọjú sí. "Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, a ó lọ sọ́dọ̀ lọ́yà láti fọwọ́ sí ìwé ilé. Ṣùgbọ́n tóo bá ti ń gbọ́ rédíò yẹn, kí o kan ògiri lẹ́ẹ̀mejì fún un, kó lè mọ̀ pé ẹnì kan ò tíì sùn. Bí èmi náà ṣe máa ń ṣe nìyẹn."

Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń gbọ́ kíkàn ògiri yẹn. Mo rò pé ariwo rédíò ló ń bí i nínú. Gbogbo ìgbà tó bá kàn án ni mò ń dín rédíò kù, tí mo sì ń bú u lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì pé arúgbó yìí kì í jẹ́ kí ènìyàn sinmi.

Omi ti dé ẹsẹ̀ àga rẹ̀. Bertrand gbé àga, èmi gbá Ìyá lápá mú, a jọ gòkè lọ sílé.