Ohun Tó Wà Nínú Omi Kànga Ògúnṣèye

Ẹ sún mọ́ra díẹ̀, ẹ̀yin èèyàn mi, kí ẹni tó wà lẹ́yìn náà lè rí àyè jókòó. Mo ní ọ̀rọ̀ kan tí mo fẹ́ sọ fún yín, mi ò sì ní kánjú sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ Fadérera ni, ọmọ Ògúnṣèye agbẹ́kànga, àti asẹ́ omi tó ní láti yàn lójú àlá. Bó ṣe rí i ni mo ṣe máa sọ ọ́. Ẹ má bi mí pé báwo ló ṣe lè rí bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí.

Ó kù díẹ̀ kí oòrùn kan àtàrí. Fadérera dúró ní àgbàlá ilé bàbá rẹ̀, asẹ́ omi mẹ́ta sì jókòó síwájú rẹ̀ lórí àga bí àlejò. Ìkínní ga, aláwọ̀ búlúù ni, ó so táì mọ́ ọrùn. Ìkejì jẹ́ irin tó ń dán, amọ̀ funfun méjì tó rí bí àbẹ́là wà nínú ikùn rẹ̀. Ìkẹta kì í ṣe ohun mìíràn ju àmù mẹ́ta lọ, tí wọ́n gun ara wọn léjìká: òkúta wẹ́wẹ́ wà nínú èyí tó wà lókè, èédú wà nínú ti àárín, yanrìn sì wà nínú ti ìsàlẹ̀. Fadérera ti kí wọn, ó ti béèrè àlàáfíà ará ilé wọn, wọ́n sì ti dá a lóhùn pé dáadáa ni.

Ọjọ́ náà ló pé ọjọ́ kẹjọ tí Títílọpẹ́, ọmọ Fadérera, bí ọmọbìnrin. Ní agboolé yẹn, omi kànga ilé ni wọ́n fi ń kan ọmọ lẹ́nu kí wọ́n tó pe orúkọ rẹ̀. Wọn kì í fi omi ibòmíràn ṣe é. Omi kànga náà sì ti pọ́n. Ó pọ́n bí omi tí wọ́n fi fọ àdá. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló mọ̀ pé bí oòrùn bá fi kọjá àtàrí tí ọmọ náà ò tíì ní orúkọ, a ò ní rí i mọ́. Ara rẹ̀ tilẹ̀ ti ń fúyẹ́. Títílọpẹ́ ti ki ọmọ ọlọ bọ inú aṣọ tó fi wé e, kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e lọ. Àwọn ará ilé jókòó sórí garawa tí wọ́n dojú wọn bolẹ̀, olúkúlùkù mú ife òfìfo lọ́wọ́.

"Màmá, ẹ ṣe kíá," ni Títílọpẹ́ wí. "Mo gbé ọwọ́ sẹ́yìn rẹ̀, mo sì ń rí ọwọ́ ọ̀hún láti iwájú."

"Orúkọ máa wà lórí rẹ̀ lónìí," ni Fadérera dá a lóhùn. "Mi ò wá síbí wá ṣeré."

Asẹ́ aláwọ̀ búlúù ló kọ́kọ́ yàn, nítorí òun ló múra jù. Asẹ́ náà wú ikọ́ díẹ̀, ó béèrè pé, "Kí ló wà nínú omi yín?"

"Ìdọ̀tí ni."

"Ìdọ̀tí wo?"

"Ìdọ̀tí tún ní orúkọ ni? Ṣáà bá mi sẹ́ ẹ."

Ó gbé garawa kan mu láìdánu dúró. Omi tó jáde lára rẹ̀ mọ́ bíi dígí, àwọn ará ilé sì pàtẹ́wọ́. Fadérera bu ún sínú ife, ó gbé e lọ sọ́dọ̀ ọmọ. Ìṣísẹ̀ mẹ́jọ ni. Nígbà tó fi gbé ẹsẹ̀ kẹrin, omi náà ti rí bíi tíì. Nígbà tó dé ìkẹjọ, ó ti pọ́n bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ó yíjú padà.

"Nígbà tí mo gbé e fún yín, ó mọ́," ni asẹ́ náà wí. "Ọ̀nà ló mú un pọ́n." Ó tú táì rẹ̀, ó wọ pálọ̀ lọ sùn.

Fadérera ò bá a jà. Ó kọjú sí asẹ́ onírin. Ìyẹn ò béèrè nǹkan kan, ó gbé omi mì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́. Àbẹ́là funfun inú rẹ̀ di pípọ́n bí eyín ẹni tó ń jẹ aáṣáà. Ẹ̀kán omi mẹ́ta péré ló kán sílẹ̀, ìkọ̀ọ̀kan wọn sì ń bẹ̀bẹ̀ bó ṣe ń kán: "Ẹ má bínú, ìyá. Ẹ má bínú, ìyá." Àyà asẹ́ náà ti dí. Ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n fún òun lómi mu, àmọ́ kó jẹ́ omi tó mọ́.

Ó wá ku àmù mẹ́ta. Èyí tó wà lókè ló ń sọ̀rọ̀ fún wọn, etí rẹ̀ sì di.

"Kí ló wà nínú omi yín?" ló pariwo.

"Ìdọ̀tí ni."

"Mi ò gbọ́!"

"Mo ní ìdọ̀tí!"

"Gbogbo ilé ló ní ìdọ̀tí, ìyá! Ó lè jẹ́ ẹrẹ̀, ó lè jẹ́ ewé, ó lè jẹ́ ṣaláńgá, ó lè jẹ́ irin. Bí a ṣe ń sẹ́ ọ̀kan kọ́ la ṣe ń sẹ́ èkejì. Èmi kì í gba omi tí mi ò mọ ohun tó gbé wá. Ẹ lọ bi ẹni tó gbẹ́ ẹ."

Ẹni tó gbẹ́ ẹ wà létí kànga. Ọdún kọkànlá rèé tí Ògúnṣèye ti kú, ṣùgbọ́n àárọ̀ ló ti dé. Ó wọ ṣòkòtò iṣẹ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ pupa dé orúnkún, irùngbọ̀n rẹ̀ náà sì pupa. Ó fẹ̀yìn ti òpó, ó ń họra.

Fadérera kúnlẹ̀. "Ẹ káàsán, bàbá mi. Kí ló wà nínú kànga yín?"

"Omi."

"Yàtọ̀ sí omi ńkọ́?"

"Omi púpọ̀."

Àwọn tó wà lórí garawa rẹ́rìn-ín. Inú bàbá dùn sí i, ó fi oríkì pe ọmọ rẹ̀. "Àwẹ̀ró, kànga mi mọ́. Ojú yín ló pọ́n. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fa omi mu nínú ọ̀rá, ṣé ẹ̀yin náà tún mọ omi ni? Ríǹgì méjìlá ni mo tò sínú rẹ̀, sìmẹ́ǹtì gidi, látòkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ bi ẹnikẹ́ni ní ìlú yìí."

"Bàbá mi, mi ò ní bi ẹnikẹ́ni. Mo ń lọ wò ó fúnra mi." Ó dìde, ó tún ìró rẹ̀ ró kó le.

Ó ṣílẹ̀kùn pálọ̀ láti wá okùn, ṣùgbọ́n pálọ̀ ti di inú kànga. Àwọn àga wà níbẹ̀, ara ògiri ni wọ́n tò sí. Asẹ́ aláwọ̀ búlúù ń hanrun lórí ọ̀kan nínú wọn. Àtẹ̀gùn kan ń yípo lọ sísàlẹ̀, Fadérera sì ń bá a lọ, ó ń kan ríǹgì kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń kanlẹ̀kùn.

"Ta nìyẹn?"

"Sìmẹ́ǹtì," ni ìkínní dáhùn.

"Sìmẹ́ǹtì," ni ìkejì dáhùn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń dáhùn títí dé ìkẹjọ, ohùn wọn balẹ̀ bí ohùn ẹni tí kò jẹ̀bi.

Ìkẹsàn-án ò dáhùn. Nígbà tó kàn án, ó dún gbọ̀ọ̀n. Fadérera fi èékánná họ ọ́, ìpẹtà ṣí kúrò lára rẹ̀ bí èèpo. Àgbá epo ni. Àgbá epo mẹ́rin ni wọ́n gé ìdí wọn, tí wọ́n tò lórí ara wọn, wọ́n sì rọra ń yọ́ sínú omi bí ọṣẹ.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pariwo," ni àgbá náà wí wúyẹ́wúyẹ́. "Bàbá ní ká máa sọ pé sìmẹ́ǹtì ni wá."

Nígbà tó gòkè padà, òjìji rẹ̀ ò ju àtẹ́lẹsẹ̀ lọ mọ́. Ó lọ dúró níwájú bàbá rẹ̀.

"Mo ti débẹ̀, bàbá mi."

Ògúnṣèye dẹ́kun à ń họra. "Ọkọ̀ tó ń kó ríǹgì bọ̀ ló ṣubú," ló wí. "Mẹ́rin fọ́. Ọjọ́ kejì sì ni ìsọmọlórúkọ."

"Ìsọmọlórúkọ ta ni?"

"Tìẹ ni. Ìyá rẹ ti fọ́nnu pé omi ilé ọkọ òun lòun máa fi kan ẹnu ọmọ òun, òun ò ní tọrọ omi lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kí ni mo fẹ́ ṣe? Mo gé àgbá mẹ́rin, mo rì wọ́n sí i kí àdúgbò tó jí. Mo ní tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, màá pààrọ̀ wọn. Kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé, wọ́n ti ń yìn mí."

Fadérera di ọwọ́ bàbá rẹ̀ mú, ó mú un dé ọ̀dọ̀ àmù. "Ẹ sọ ọ́ fún un."

"Sọ ọ́ fún un fúnra rẹ."

"Ẹnu yín ló fẹ́ gbọ́."

Bàbá tẹ̀ síwájú díẹ̀, ó ní, "Irin ni," jẹ́jẹ́.

"Mi ò gbọ́!" ni àmù òkè wí.

"Àwẹ̀ró, orúkọ mi ńkọ́? Ìlú yìí ń bọ̀wọ̀ fún mi."

"Orúkọ yín wà lára gbogbo kànga ìlú yìí, bàbá mi, ìka yín lẹ fi kọ ọ́ sára sìmẹ́ǹtì tútù. Ti ọmọ yìí ò tíì sí níbì kankan."

Ògúnṣèye wo ọmọ náà. Àyà ọmọ náà ló gbà rí ògiri ilé kejì. Ó wá na ara rẹ̀ tán, ó sì pariwo tó fi jẹ́ pé ife mì lọ́wọ́ àwọn èèyàn: "Irin ni! Àgbá epo mẹ́rin ni! Èmi Ògúnṣèye ni mo fi wọ́n síbẹ̀, mo sì purọ́ fún gbogbo yín!"

Ìyá àgbà kan tó wà lórí garawa dáwọ́ lé àtàrí. "Abájọ!" ló wí. "Abájọ tí orí mi fi wúwo láti ọjọ́ yìí." Ẹ̀rín pa wọ́n. Bàbá náà rẹ́rìn-ín níkẹyìn.

"Ẹ ṣeun," ni àmù òkè wí. "Ẹ̀yin ni màá bá ṣiṣẹ́ wàyí. Irin inú omi ń fẹ́ afẹ́fẹ́. Ẹ yà wá sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí omi já láti òkè bọ̀ kó tó bá yanrìn. Yanrìn á gbá a mú. Ẹ máa fọ yanrìn náà lóṣooṣù, ẹ má ya ọ̀lẹ."

Fadérera gbé ọ̀kan sí etí òrùlé. Ó gbé èkejì sí àárín òfuurufú, àmù náà sì dúró síbẹ̀. Ó gbé ìkẹta sílẹ̀. Bàbá rẹ̀ ló ń fa omi. Omi náà ń já bí òwú, irin inú rẹ̀ ń di pípọ́n bó ṣe ń bọ̀, ó ń sùn sórí yanrìn. Èyí tó jáde nísàlẹ̀ mọ́.

"Màmá, ó ti mọ́, ẹ fún un!" ni Títílọpẹ́ ké. Ojú méjì péré ló kù nínú aṣọ tó gbé dání.

"Rárá. Èyí àkọ́kọ́ náà mọ́."

Ó gbé ife náà, ó rin ìṣísẹ̀ mẹ́jọ, ó padà, ó tún rìn ín. Títílọpẹ́ ń sunkún, ó ń pe ìyá rẹ̀ ní ọ̀dájú. Fadérera rìn ín lẹ́ẹ̀kẹta, ojú rẹ̀ ò kúrò lórí ife. Omi náà ò pọ́n. Ìwúwo ife nìkan ló fi mọ̀ pé omi wà nínú rẹ̀. Ó ti ìka bọ̀ ọ́, ó fi kan ibi tí ẹnu ọmọ yẹ kó wà.

"Ẹ pè é, bàbá mi."

Ògúnṣèye bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sọ orúkọ náà sínú aṣọ, ó sì gbé orí sókè, ó ní, "Ìbíyẹmí."

Gbogbo wọn pè é. Ọmọ náà wúwo lẹ́ẹ̀kan náà débi pé Títílọpẹ́ ní láti jókòó sílẹ̀. Kànga ilé kejì náà pè é. Ti ilé kẹta pè é. Lẹ́yìn náà ni gbogbo kànga ìlú dìde kúrò nínú ilẹ̀, wọ́n ga bí igi ọ̀pẹ, wọ́n dúró ṣinṣin, omi inú wọn ò sì dànù.

Ibẹ̀ ni Fadérera ti jí. Títílọpẹ́ ò tíì lọ́kọ nígbà náà. Ẹni tó fi ọ̀rọ̀ yìí lé mi lọ́wọ́ ni Ẹ̀bùnolá, ìyàwó ilé wọn, ó sì ní láti ẹnu Fadérera gan-an lòun ti gbọ́ ọ, kó tó bọ́jú láàárọ̀ ọjọ́ náà.