Ìtàn Ẹkùn Ìdìbò Àárín Ìlú

"Yọ orúkọ mi kúrò níbẹ̀," ni bàbá télọ̀ wí. Kò tíì jókòó. "Ohun tí mo bá wá nìyẹn."

Akọ̀wé bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Ọdún kẹtàlélọ́gbọ̀n rẹ̀ nìyí ní ọ́fíìsì ètò ìdìbò, oṣù tó ń bọ̀ ni yóò fẹ̀yìn tì, iṣẹ́ ìdágbére tí ọ̀gá sì rí fún un ni kí ó kọ ìtàn ẹkùn ìdìbò kan tí wọ́n ti pa rẹ́ tipẹ́tipẹ́. "Ojú ewé kan péré," ni ọ̀gá wí. "Kò sẹ́ni tó máa kà á, ìyá wa."

Ìtàn náà kò le. Àárín ìlú kún, wọ́n gé e sí méjì kí ó lè ní aṣòfin méjì. Òpópónà gígùn ni wọ́n fi ṣe ààlà: ilé apá ọ̀tún wà ní ẹkùn Àárín Ìlú, ti apá òsì wà ní ẹkùn kejì. Báyìí ni ọnọ́rébù kan ṣe da ọ̀dà sí ìdajì títì, tí ó fi ìdajì yòókù sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín. Nígbà tó yá, àwọn èèyàn kó lọ sí ẹ̀yìn ìlú, wọ́n sì da ẹkùn méjèèjì pọ̀ padà.

Ibi ìdìbò tó kẹ́yìn ni ọwọ́ akọ̀wé ti dúró. Bàbá yìí du ipò aṣòfin ẹkùn náà, ìbò mọ́kàndínlógún ló sì fi pàdánù. Láti ọjọ́ náà ni àdúgbò ti ń pè é ní Ọnọ́rébù Kù-Díẹ̀.

"Ọmọ-ọmọ mi pàápàá ti kọ́ ọ. Àná ló pè mí bẹ́ẹ̀ lójú àlejò," ni bàbá wí. "Mo sì gbọ́ pé ẹ tún fẹ́ tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé? Ṣáà kọ ẹni tó wọlé."

Ó rọrùn. Kí akọ̀wé fa ìlà kan lórí orúkọ náà, kí bàbá máa lọ sílé rẹ̀, kí àṣírí òun akọ̀wé náà sì bò títí ayé. Ó gbé bírò. Ó tún gbé e kalẹ̀.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ yóò bá a. Ti eléyìí ti lé lọ́gbọ̀n. Ó jọ pé ẹsẹ̀ ń dun òótọ́ náà.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó."

Bàbá jókòó.

"Ẹ̀yin lẹ wọlé."

"Èmi kẹ̀?"

"Ẹ̀yin, sà. Ilé ìwé kan náà ni àpótí apá ọ̀tún àti ti apá òsì wà. Àmì ẹgbẹ́ nìkan ló wà lórí ìwé èsì, kò sí orúkọ èèyàn. Mo gbé èsì apá òsì sínú ẹkùn yín, mo gbé tiyín sí ọ̀hún. Ọ̀sẹ̀ kejì ni mo rí i. Ọ̀gá ìgbà náà ní wọ́n ti búra fún onítọ̀hún, kí n pa ẹnu mi mọ́. Ẹ̀rù bà mí. Mo pa á mọ́."

"Mélòó ni mo fi wọlé?"

"Mẹ́tàlélógún."

Akọ̀wé ń retí èébú; ó tilẹ̀ ń fẹ́ ẹ.

"Apá ọ̀tún ni ilé àwọn àna mi," ni bàbá wí. "Ìyàwó mi lọ bá wọn láti ojúlé dé ojúlé nítorí mi. Nígbà tí èsì jáde, mo ní òun ló dalẹ̀ mi. Ó búra, n kò gbà. Odindi ọdún méjì ni n kò fi jẹ oúnjẹ rẹ̀. Títí dòní, bí ìjà bá dé, mo ṣì máa ń sọ ọ́ sí i lójú."

"Màá kọ ọ́ bó ṣe rí, sà. Màá fi orúkọ ara mi sí i."

"Ìwé lè dúró. Ìyàwó mi wà nílé báyìí. Dìde, ká lọ. Òun ni kó o kọ́kọ́ sọ fún."

Akọ̀wé kó ìwé èsì méjèèjì sínú báàgì, ó sì tẹ̀ lé e. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ilé, wọ́n gbọ́ tí ìyàwó bàbá ń fọ abọ́ nínú ilé, tó ń kọrin jẹ́jẹ́. Bàbá bá fà sẹ́yìn.

"Ìwọ ṣíwájú," ó ní. "Ojú ń tì mí."