Wákàtí Méjì ní Ọjọ́rú

Ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, ní agogo mẹ́jọ òwúrọ̀, ni Fábọ̀dé, ọ̀gá àgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Oko-Akarè, lẹ ìwé ètò ẹ̀kọ́ tuntun mọ́ ògiri. Ó ti yọ wákàtí méjì kúrò nínú ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní gbogbo Ọjọ́rú, ó sì kọ “Ilẹ̀ àti Iṣẹ́” sí ipò rẹ̀. Nígbà tí ó di Ọjọ́rú tí ó kó ọkọ́ jáde, ọmọ kan béèrè pé, “Ọ̀gá, kí ni a ṣe?” Títí di ọjọ́ náà, ìjìyà àwọn tí ó bá pẹ́ dé nìkan ni ọkọ́ wà fún nílé ẹ̀kọ́ náà.

Oṣù kan kò tíì pé tí àwọn òbí fi pe ìpàdé. Ràímì, àgbẹ̀ alágbàdo tí ọmọ rẹ̀ Bàṣírátù wà lára àwọn tí ń kọ́ ẹ̀kọ́ náà, ni ó kọ́kọ́ dìde.

“Ọ̀gá, bí ó bá jẹ́ pé oko ríro ni ẹ fẹ́ máa kọ́ wọn, èmi ni kí ẹ gbà síṣẹ́. Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń ṣe é, ẹnikẹ́ni kò fún mi ní díplọ̀mù!”

Gbogbo ènìyàn bú sẹ́rìn-ín.

“Kì í ṣe oko ríro, Bàbá Bàṣírátù,” ni Fábọ̀dé dáhùn. “Ìdí tí ilẹ̀ fi ń ṣá ni, àti iye epo tí ó ń ṣòfò nígbà tí a bá ń fún ẹyìn. Ogójì ọmọ ni ó jáde níhìn-ín ní èṣí. Mẹ́rin ni ó tẹ̀ síwájú. Àwọn yòókù wà ní oko, tàbí kí wọ́n máa fi alùpùpù kérò. Kí ni a kọ́ wọn tí wọ́n ń lò níbẹ̀?”

Ẹ̀rín dá. Sàlímátù, ìyá kan tí ń ta epo pupa ní ọjà Adja-Ouèrè, rọra béèrè pé:

“Ọ̀rọ̀ yín yé wa, ọ̀gá. Oyèfúnkẹ́ ọmọ yín ńkọ́? A gbọ́ pé ìlú ńlá Àjàṣẹ́ ni ó ti ń kàwé. Ṣé wọ́n ń kọ́ ọ ní èyí níbẹ̀?”

“Wọn kò kọ́ ọ.”

“Ẹ ò rí i!” ni Ràímì pariwo. “Tiyín fún ọ́fíìsì, tiwa fún ebè! Bí ẹ kò bá pa ẹ̀kọ́ yìí rẹ́ kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, n óò mú ọmọ mi kúrò.”

Àwọn òbí méjìlá ní àwọn náà yóò ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, Fábọ̀dé sọ fún Àgbékẹ́, aya rẹ̀, pé òun ń rò ó láti mú Oyèfúnkẹ́ wá sí ilé ẹ̀kọ́ òun.

“Bàbá Oyèfúnkẹ́, ẹ kò gbọdọ̀ fi ọmọ mi dí Ràímì lẹ́nu o.”

“Kì í ṣe nítorí Ràímì. Bí ẹ̀kọ́ náà bá dára, èé ṣe tí n kò fi fún ọmọ tèmi? Bí ó bá sì jẹ́ ti àwọn tí a rò pé wọn kò ní dé ibì kankan, a jẹ́ pé òótọ́ ni wọ́n sọ sí mi.”

“Bí ó bá wá kùnà nínú ìdánwò àṣejáde BEPC ńkọ́?”

Fábọ̀dé pe ọmọ náà lórí fóònù, ó sì là á yé e. Oyèfúnkẹ́ béèrè pé:

“Bàbá, ṣé fisíìkì ṣì wà níbẹ̀?”

“Ó wà.”

“Ẹ̀yin ni ẹ ó pinnu o.”

Ọjọ́ méjì ni ó fi rò ó. Ní ọjọ́ Ẹtì, ó fi ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ nínú ètò bí ó ti wà, ó sì kọ ìwé sí ilé ẹ̀kọ́ Àjàṣẹ́ pé òun fẹ́ mú Oyèfúnkẹ́ padà wá sí Oko-Akarè.